Òpópónà tí Kò Lórúkọ

Ẹ fà mọ́ra kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ibi jókòó sí. Ẹni tí àga kò bá kàn, kó jókòó sórí ẹní. Ẹni tí ẹní kò bá kàn, kó dúró, ṣùgbọ́n kó má dúró síwájú mi, nítorí mo fẹ́ máa rí ojú gbogbo yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ẹni tí kò gbà mí gbọ́. Èmi Ọdẹ́bíyìí, ọmọ Akíntáyọ̀, èmi tí mo wọ igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, èmi tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kàn, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Ráṣáàkì télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé agbádá mi wá, ó wo pátákó tó wà níwájú ilé mi, ó ní:

“Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin àti Ògúnrìndé kò rẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà lójú títì yín?”

Abíọ́nà, ọmọ ọmọ mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yìí, bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kó máa rín in. Ọ̀rọ̀ náà kan òun náà, ẹ ó gbọ́ bó ṣe kàn án tó bá yá.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Mo jowú Ògúnrìndé. Mo jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gbé ìbọn. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ilẹ̀ tí ewé gbígbẹ kò fi ní dún. Kò pẹ́ rárá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé rẹ̀ láti béèrè ọ̀nà oko àti ọ̀nà ìlú mìíràn, wọn kò wá sílé mi mọ́. Bó bá sì rí mi níta, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, “Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n mi.” Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló máa ń bí mi nínú jù, torí n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí mo lè fi bá a jà.

Nígbà náà, Àgbélékè ìlú wa yìí ti tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ tán lọ. Kálukú ń kọ́lé síbi tó wù ú. Bí o bá béèrè ilé ẹnìkan, wọ́n á ní, “Máa lọ tààrà, tó o bá rí igi máńgòrò, yà, tó o bá rí obìnrin kan tó ń yan ẹ̀pà, bi í.” Bí obìnrin náà kò bá wá yan ẹ̀pà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, iná mú ilé Adéoyè alágbẹ̀dẹ. Ọkọ̀ panápaná jáde lóòótọ́, omi sì kún inú rẹ̀. Ó yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń béèrè ọ̀nà. Nígbà tó máa débẹ̀, eérú ló bá. Adéoyè àti ìyá rẹ̀ wà nínú eérú náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Kábíyèsí Alágbélékè, ó ránṣẹ́ pe èmi àti Ògúnrìndé. Ó ní òun gbọ́ pé ìlú kan wà lẹ́yìn igbó méje, wọ́n ń pè é ní Kòsọnù, níbi tí wọ́n ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, tí ìrànlọ́wọ́ kì í ṣìnà. Ó ní ẹni tó bá bá òun mú àṣírí ìlú náà wá, orúkọ rẹ̀ ni àwọn yóò fi pe òpópónà ńlá tó ti ààfin lọ dé odò.

Òpópónà yìí náà ni, ẹ wò ó. Iwájú ilé mi ló gbà kọjá. Mo ro ó wò pé kí n máa jí láràárọ̀, kí n ṣílẹ̀kùn, kí ó jẹ́ orúkọ Ògúnrìndé ni n óò kọ́kọ́ rí. Iyán tí ìyàwó mi gún fún mi lọ́jọ́ náà, ajá ni mo gbé e fún.

Mo jí kí àkùkọ tó kọ, kí n lè ṣáájú rẹ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo kó gaàrí àti ẹran gbígbẹ sínú àpò. Nígbà tí mo dé ẹnubodè, mo rí ipa ẹsẹ̀ lórí ìrì. Ògúnrìndé ti lọ! Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba igbó mẹ́rin kọjá kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ta ni nínú yín ló ti gba igbó iwin mẹ́rin kọjá rí? Ó dáa, ẹ panu mọ́.

Igbó karùn-ún ni wọ́n ń pè ní Igbó Arìnyípo. Iwin tó ń ṣọ́ ọ kò ní ojú kankan lórí, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Bó bá fẹ́ wo èèyàn, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ sókè. Ó na ẹsẹ̀ sí mi, ó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní:

“Níbo lo wà?”

Mo fọwọ́ sọ àyà. “Èmi Ọdẹ́bíyìí nìyí, ọmọ Akíntáyọ̀, èmi tí mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹran méjì ṣubú, èmi tí...”

“Mi ò bi ọ́ pé ta ni ọ́. Níbo lo wà?”

“Inú igbó ni mo wà.”

“Igbó tóbi,” ni iwin náà wí. “Máa lọ.”

Mo rìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abẹ́ igi kan náà ni mo tún bá ara mi, iwin náà tún na ẹsẹ̀ sókè, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ó di ọjọ́ kẹta. Gaàrí tán. Mo ti ki oríkì ìdílé bàbá mi tán, mo ti ki ti ìdílé ìyá mi, mo tilẹ̀ ti yá díẹ̀ nínú ti àwọn àna mi. Igbó náà kò jẹ́ kí n lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni mo rí àrokò kan lára igi kékeré. Ẹ̀yin ọmọ ìlú, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá ń lọ níwájú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, á ta koríko ní kókó, á ṣẹ́ ewé mọ́ ọn, á kọ orí ewé náà sí ibi tó gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Èèwọ̀ ni kí ọdẹ kan tú àrokò ọdẹ mìíràn. Kókó tí mo rí yìí, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta á, ọdẹ kan ṣoṣo ló sì ń lo ọwọ́ òsì ní Àgbélékè. Ògúnrìndé ta á dè mí! Lábẹ́ kókó náà, ó fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sára igi. Ọ̀kan kọjú sí ìrókò kan tó ní ihò nínú, èkejì kọjú sí ṣóńṣó òkè tí à ń rí lókèèrè.

Mo dúró, mo ń wo ìlà méjèèjì títí ó fi yé mi. Mo ka ìgbésẹ̀ mi dé ìdí ìrókò, mo padà lọ bá iwin. Mo ní, “Mo wà ní ọgọ́ta ìgbésẹ̀ sí ìrókò oníhò. Ìrókò wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ṣóńṣó òkè wà níwájú mi gan-an.”

Iwin náà rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. “Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn,” ló wí. “Ọ̀nà là fún ọ. Èkejì rẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì pariwo.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ebi lọ. Mo padà sídìí igi kékeré yẹn, mo tú kókó Ògúnrìndé, mo jù ú sínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ láéláé pé òun ló yọ mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo jáde nínú igbó kẹfà, mo kan Ìlú Wákiri, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wá nǹkan. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ni bàbá kan tó mú lẹ́tà lọ́wọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ dé ìdodo. Ó ní, “Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé Bándélé tó ń ta ìkòkò?” Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin lòun nígbà tí wọ́n gbé lẹ́tà náà lé òun lọ́wọ́. Mo rí ìyàwó tuntun kan tó ti ń wá ilé ọkọ láti ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń sìn ín lọ ti hewú, orin sì ti tán lẹ́nu wọn. Mo rí àwọn panápaná tí koríko ti hù nínú ọkọ̀ omi wọn. Olórí wọn di aṣọ mi mú, ó ní, “Ṣé ibi tí iná wà lẹ ti ń bọ̀?” Omijé wà lójú rẹ̀. Mo rántí Adéoyè alágbẹ̀dẹ, n kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọdẹ kan kọjá. Wọ́n ní àwọn rí i, pé ó dúró fún ọjọ́ kan gbáko, ó bá àwọn wá ilé mẹ́rin rí. Èmi kò dúró. Ẹsẹ̀ mi ń yún mi, mo fẹ́ bá a lọ́nà.

Igbó keje kò le rárá, tàbí kí ó jẹ́ pé owú ti gba gbogbo inú mi débi pé n kò rí ohun tó le níbẹ̀. Ó di ọjọ́ kejìlá kí n tó wọ Ìlú Kòsọnù. Àwọn ará ibẹ̀ jọ wá, àfi pé wọ́n ní ojú kẹta ní àtẹ́lẹwọ́. Ojú yẹn ń bá àwọn ìràwọ̀ kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so mọ́ òfúrufú sọ̀rọ̀, ìràwọ̀ wọ̀nyẹn ló sì ń sọ ibi tí kálukú wà fún un. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n jáde nílé wọn, wọ́n dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ sì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí wọ́n ti wo àtẹ́lẹwọ́ wọn kí wọ́n tó wọ bàtà. Mo rí páìpù omi kan tó bẹ́. Omi náà kò tíì dé ojú títì tí àwọn tó máa tún un ṣe fi dé. Mo rí ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń lọ síbi tí pàǹtírí ti kún nìkan, tí kò fi àkókò ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn tí tiwọn kò tíì kún.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ olórí wọn, obìnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alátẹ. Ó jókòó níwájú àtẹ kan tó fẹ̀ tó àgbàlá ààfin wa. Gbogbo ìlú rẹ̀ wà lórí àtẹ náà ní kékeré, títí kan kànga àti àgọ́ adìyẹ, àwọn iná tíńtìntín sì ń rìn lórí rẹ̀. Pupa ni panápaná, funfun ni áńbúláǹsì, aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ akólẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ráyè wo àtẹ náà dáadáa. Ta ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, tó ń jẹ iyán, tó ti fọ aṣọ, tó ti fá irun?

Ògúnrìndé fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń retí yín. Mo sọ fún ìyá pé a kò ní bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi dé. Ṣé ẹ rí kókó tí mo ta?”

“Kókó wo?” ni mo dáhùn.

Ìyá Alátẹ wò mí. Ó fún wa ní àtẹ kan tí a lè ká bí ẹní àti dígí pẹlẹbẹ méjì. Ó ní, “Ẹ gbé dígí yìí káàkiri ìlú yín. Ẹ dúró síbi ohun tí ẹ bá fẹ́ kí àtẹ mọ̀, ẹ tẹ dígí, ẹ dárúkọ ibẹ̀. Ẹ má fi ṣọ́ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá ké pè yín nìkan ni kí ẹ wá lọ. Ó ku ohun kan. Àtẹ yìí kò gbọ́n. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa gbà. Bí ẹ bá parọ́ fún un, á pa irọ́ náà mọ́, á máa fi darí àwọn èèyàn, kò sì ní mọ̀.”

Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń wò mí. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ń wò? Mo gbé ojú kúrò.

N kò ní fi ìrìn àbọ̀ dá yín dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí a rí ẹnubodè Àgbélékè, èmi àti Ògúnrìndé wo ara wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àgbà ọdẹ méjì, pẹ̀lú ìbọn àti àpò! A dé ẹnubodè lẹ́ẹ̀kan náà, a há síbẹ̀ pọ̀, apá mi lórí ikùn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ lẹ́yìn mi, àwọn oníbodè ló fà wá yọ. Nígbà tí a dé iwájú Kábíyèsí, mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ògúnrìndé ní, “Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wọlé.” Ìyẹn tún bí mi nínú, torí bó ṣe wí i, gbogbo ààfin gbà pé irọ́ ni mo ń pa. Mo yarí, mo ní n kò fẹ́ kó fi ṣàánú mi. Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí òpópónà náà wà láìlórúkọ títí àwa méjèèjì yóò fi fẹnu kò. Bẹ́ẹ̀ ló fi di pé ní ìlú tí gbogbo kọ̀rọ̀ padà ní orúkọ, ojú títì tó tóbi jù kò lórúkọ fún ọdún mẹ́ta.

Kábíyèsí fi Ògúnrìndé ṣe olórí yàrá àtẹ. Èmi, ó ní kí n gbé dígí lọ sí gbogbo ẹ̀bá ìlú àti abà, torí kò sí ẹni tó mọ ibẹ̀ tó mi. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo rìn oṣù mẹ́rin. Mo tẹ ojúlé, mo tẹ kànga, mo tẹ afárá, títí mo fi dé Òkè Pẹ́pẹ́.

Lábẹ́ òkè yẹn, ní ìhà ìlà oòrùn, ni Ìsun Ẹtu wà, omi kékeré kan tí ẹran igbó ti ń mu. Tèmi ni. Bàbá mi ló fi hàn mí. Ìwà àwa ọdẹ ni pé a kì í sọ ibi tí ẹran wa ti ń mumi fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi ọdẹ níbi tó ti pa ẹran, á nawọ́ sí apá ibòmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní òpùrọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìsun yẹn gan-an sì ni ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lọ sí abà Ìdí-Ayùnrẹ́ gbà kọjá, igbó ti bo ẹnu rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú dígí. Mo ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, Ògúnrìndé yóò jókòó sí ààfin, yóò rí omi mi lórí àtẹ rẹ̀. Ilé mẹ́ta péré ló wà ní abà náà nígbà yẹn. Ta ló máa pe panápaná wá sí ilé mẹ́ta? Mo yí òkè náà ká dé ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí àbàtà wà, mo tẹ dígí, mo ní, “Ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ nìyí.”

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí ṣe wà látilẹ̀. Láàárín ọdún kan, wọ́n kó ààtàn tó wà lẹ́yìn ọjà kúrò, ọkọ̀ èrò mọ àkókò, iná mú ilé méjì, kò sì jó ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú ń yin Ògúnrìndé. Bí wọ́n bá ń yìn ín lọ́tùn-ún, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́bíyìí ló rin gbogbo ẹ̀bá ìlú o.” Mo máa ń lọ sí yàrá àtẹ láràárọ̀. Mo ń sọ fún wọn pé mo wá kí wọn ni. Irọ́ ni. Mo ń lọ wò bóyá Ògúnrìndé yóò ṣe àṣìṣe.

Ní ọdún kejì, Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, fẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Láyíwọlá. Ibo ló ń gbé? Ìdí-Ayùnrẹ́ ni. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n lọ tún ọ̀nà yẹn ṣe. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo rántí pé Ògúnrìndé ni mo máa lọ bá, pé èmi ni mo máa dúró níwájú rẹ̀, tí n óò ní mo parọ́. Mo tún ní ó di ọ̀la.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan. Mo wà nínú yàrá àtẹ, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ mi. Ipè wọlé. Obìnrin tó ń gba ipè ní, “Ìdí-Ayùnrẹ́ ni. Obìnrin tó ń rọbí ni, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló pè, Láyíwọlá. Fóònù rẹ̀ ti kú báyìí.”

Iná funfun gbéra lórí àtẹ. Mo ń wò ó. Ó jáde ní ìlú, ó ń sáré, ó dé orítá Òkè Pẹ́pẹ́, ó sì yà sí ìwọ̀ oòrùn, síbi tí mo ní kó yà sí. Síbi àbàtà.

Ẹ gbọ́ o. Mo dákẹ́. Ọmọ mi ni, mo sì dákẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú yàrá yẹn, Ògúnrìndé ni ìkejìlá. Mo la ẹnu, ojú tì mí, mo pa á dé. Mo dákẹ́ tó ìgbà tí èèyàn lè fi ka gbogbo ẹ̀yin tó jókòó síbí tán. Tí n kò bá sùn dáadáa títí dòní, àkókò yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde. Mo dé iwájú Ògúnrìndé, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ú, mo fi àyà lélẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ògúnrìndé, gbà mí. Mo parọ́ fún àtẹ. Ọ̀nà yẹn kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ni.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde, ẹ dìde!” Ó ti já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. “Dírẹ́bà, dúró! Má wọ àbàtà yẹn. Ṣẹ́rí padà sí orítá, yà sí ìlà oòrùn. Wàá rí ìrókò tí àrá pa. Ka igi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wo ọwọ́ òsì, wàá rí ibi tí igbó ti fẹ́lẹ́. Wọ ibẹ̀, má bẹ̀rù, ọ̀nà wà lábẹ́ koríko yẹn. Bó o bá rí omi kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, o ti dé ọ̀nà nìyẹn. Máa lọ tààrà.”

Gbogbo igi tó dárúkọ, ibi tí wọ́n wà gan-an nìyẹn. Mo dìde lórí orúnkún, mo ń wò ó. “Ìwọ mọ Ìsun Ẹtu?”

“Ọdún kọkànlá nìyí.”

“N kò rí ọ níbẹ̀ rí.”

“N kò yìnbọn níbẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n mi. Tiyín ni.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo rí i lórí àtẹ pé ẹ yí ọ̀nà náà padà. Mo ní ẹ fúnra yín á wá sọ ọ́, pé kò yẹ kí ọdẹ tú àṣírí ọdẹ. Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.”

Kókó koríko tí mo tú nínú Igbó Arìnyípo ni mo ń rò. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ń wo iná funfun náà bó ṣe ń rìn níbi tí àtẹ ní kò sí ọ̀nà. Ó dé abà. Ó dúró pẹ́. Ó gbéra padà, ó dé ẹ̀gbẹ́ ìsun, ó tún dúró síbẹ̀. Mo di ọwọ́ Ògúnrìndé mú, n kò sì mọ̀ pé mo dì í mú títí fóònù fi dún.

Ẹ̀gbẹ́ Ìsun Ẹtu ni wọ́n ti bí ọmọ náà, nínú áńbúláǹsì, lójú ọ̀nà. Òun nìyí tó ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò ní bi mí mọ́ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Abíọ́nà. Ìyá rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, ó sì padà sílé lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ sọ fún mi pé bí àwọn bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà àbàtà yẹn, òkú méjì ni àwọn ìbá gbé wálé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ògúnrìndé gbé dígí lọ sí Ìsun Ẹtu. Mo tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ kí n ti tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá Kábíyèsí lọ́la, ká ní a ti fẹnu kò. Orúkọ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n fi pe òpópónà náà.”

Ẹ wò ó bí èèyàn yẹn ṣe rí! Ó ti ṣáájú mi dé Kòsọnù. Ó ti ṣáájú mi mọ ìdáhùn iwin. Ó pa àṣírí mi mọ́ fún ọdún mọ́kànlá, ó gba ọmọ mi là, ó tún wá fẹ́ fi inú rere borí mi lójú gbogbo ìlú? Owú náà ru sókè nínú mi bíi ti àtijọ́. N kò sọ fún un. Mo yà sílé, mo ra ọ̀dà, mo wá pátákó, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, mo rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tó máa dé láti mú mi lọ sí ààfin, ó bá a níbẹ̀. Ó dúró síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí dọ̀bálẹ̀. Nínú gbogbo ìdíje tí mo bá a ṣe láyé, ọ̀kan yẹn ṣoṣo ni mo borí rẹ̀.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ó tún ṣáájú mi débẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn tí mo rí orúkọ rẹ̀, ó ṣì ń ta mí lára, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo máa ń mú aṣọ tútù, mo máa ń nu eruku kúrò lórí pátákó náà.

Ráṣáàkì, mo ti dá ọ lóhùn, mú agbádá mi wá kí n wò bóyá o rán an dáadáa. Ẹ̀yin yòókù, ẹnu mi ti gbẹ, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé. Ẹni tí kò bá mọ̀nà nínú yín, kó gba Òpópónà Ògúnrìndé yìí lọ tààrà, yóò délé.